Mo Ti Dágbére Tán Kí O Tó Yí Mọ́tò Padà

Gbé orí ẹ kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn kí n rí ojú ẹ, Sàláúdéènì! Mo ní kí o gbé orí sókè! Àbí ojú ń tì ẹ́ ni? Kó tì ẹ́ dáadáa, torí tèmi ti tì mí dé gìgísẹ̀. Ta ló ń ṣe irú èyí? Dírẹ́bà wo ló ń gbé èrò kúrò nílùú, tí gbogbo ayé á juwọ́ sí i pé ó dìgbà, tí á wá gbé e padà wálé kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó tutù? Èmi Dinah! Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní Ayétòrò yìí, tí mo kọ́ ìwọ gan-an ní kíláàsì kẹta, tí o máa ń kọ mẹ́fà bí ẹni ń kọ mẹ́sàn-án, èmi ni o wá gbé kalẹ̀ sẹ́bàá títì lórí àpótí ara mi, bí ẹrù tí wọn ò rí ẹni tó ni ín!

Má sọ fún mi pé bátìrì ni. Mi ò bi ẹ́ léèrè bátìrì. Ohun tí mo ń bi ẹ́ ni pé kí ló gbé wa padà síbí kí bátìrì ẹ tó rí àyè kú.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abẹ́òkúta! Mo ti ń rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti bọ́ bàtà, mo ti nasẹ̀, mo ti ní inú mi pé ó ti tán, ó ti di ọ̀nà Mínà, ó ti di ọ̀dọ̀ Bánjí ọmọ mi. Ni fóònù ẹ bá dún. Mo ní má gbé e, ò ń wa mọ́tò. O gbé e. "Hẹn, màmá mi. Mà? Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má bínú mà." Mo rò pé ẹnì kan ti kú ni. Mo ní, "Sàláúdéènì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ńṣe lo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, o wo iwájú, o wo ẹ̀yìn, o yí mọ́tò po bí ẹni yí ẹ̀bà, ó di ọ̀nà Ayétòrò! O ní o ò dágbére fún màmá ẹ. O ní wọ́n wà lórí ìrun nígbà tí o jáde, o rò pé ẹ̀gbọ́n ẹ á bá ẹ sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ ò sọ, wọ́n wá ń bi ẹ́ bóyá bí wọ́n ṣe ń lọ Mínà láyé òde òní nìyẹn, kéèyàn fi ìyá ẹ̀ sórí ẹní kó gba ọ̀nà lọ bí olè. O dé, o dágbére fún wọn tán, mọ́tò ò sì tan mọ́!

Mi ò ní kí o má dágbére fún màmá ẹ o! Má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ìyá ni ìyá ń jẹ́. Mo bá ẹ bínú ni, mi ò bá màmá ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni mo fún ẹ? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti sọ fún ẹ pé Ọjọ́rú, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Kí lo wá ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí o ò lè na ẹsẹ̀ dé iyàrá ìyá ẹ kí o ní, "Mo ń lọ o"? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré! Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n sọ!

Èmi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dágbére. Ọjọ́ mẹ́ta! Orúnkún mi méjèèjì ló ń ké. Ìyá tó bí mi, ará Ìmẹ̀kọ ni wọ́n, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó bá ń re ọ̀nà jíjìn, kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀, kó dárí ji ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, kó fi ilé ẹni tó sún mọ́ ọn jù ṣe àṣekẹ́yìn, kó mu omi níbẹ̀, tó bá sì ti mu omi yẹn tán, kó má wẹ̀yìn mọ́. Kó má wẹ̀yìn! Ìwọ wá gbé mi wẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo àpótí mi, tìmùtìmù mi, àti gààrí garawa méjì. Ṣé o ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Wọ́n ti kọrin ìdágbére fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi! Wọ́n kọ ọ́ débi tí àwọn akọrin alto fi ń sunkún! Ẹni tí wọ́n ti kọ irú orin yẹn fún, Sàláúdéènì, kì í tún jókòó sẹ́bàá títì lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ẹ káàárọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Rárá, a ò tíì lọ. Rárá, a ti lọ. A lọ, a sì bọ̀. Mọ́tò ni. Ẹ ṣé o. Ó dìgbà.

O gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú? Ó ti di ẹni kẹjọ nìyẹn. Àná ló fi ojú tó kún fún omijé gbá mi mọ́ra, ó ní Ayétòrò ò ní rí bákan náà mọ́. Àná o! Ayétòrò ò rí bákan náà mọ́ lóòótọ́, ó ti di ilé ẹ̀fẹ̀.

Caleb, olùkọ́ ìjọ wa, tó gbàdúrà lé mi lórí títí ọrùn mi fi wọ́, kọjá lórí ọ̀kadà nígbà tí o lọ wá súpánà. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ mà, báwo lẹ ṣe bá àwọn ará Mínà?" Caleb! Mo ní, "Caleb, ẹ̀fẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àkùkọ mi ńkọ́?" Ni Caleb bá dojú kọlẹ̀. Wọ́n ti pa á! Mi ò tíì kúrò nílùú ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, wọ́n ti pa àkùkọ tí mo ní kí wọ́n máa fi rántí mi. Ó ní ọ̀sán yìí gan-an làwọn fẹ́ fi í rántí mi. Ó ní tó bá di ọ̀sán tí mọ́tò ò bá tíì ṣe, kí n kúkú yà wá jẹ níbẹ̀. Kí n wá jẹ ìrántí ara mi!

Ilé mi ńkọ́? O rí i nígbà tí a kọjá, àbí o ò rí i? Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ fún ayálégbé. Ìyàwó ayálégbé ti gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò, ibi tí èmi máa ń jókòó sí gẹ́lẹ́. Ó juwọ́ sí mi. Ó juwọ́ sí mi nínú ọgbà mi bí ẹni juwọ́ sí àlejò! Mi ò nílé níbí mọ́, Sàláúdéènì, mi ò sì tíì dé ilé tí mò ń lọ. Kí lo wá fẹ́ kí n jẹ́?

Bánjí ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kẹrin yìí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti ń sún mọ́ Ìlọrin?" Mo ní à ń sún mọ́ ọn. O jẹ́ kí n purọ́! Láàárọ̀ yìí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mi ò purọ́ mọ́ láyé mi, o jẹ́ kí n tún purọ́ fún ọmọ tí mo bí!

Kí lo ní? Sọ ọ́ síta, má máa kùn sínú ẹ́ńjìnnì. Kí n lọ jókòó níbo? Ní ilé Tíṣà Jẹ̀mílátù?

Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀! Olúwa mi o, rẹ ohùn ẹ sílẹ̀, ọmọ yìí! Ilé ẹ̀ ò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí wa! Fèrèsé ẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ yẹn, èyí tó ní kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, èmi ni mo rán an fún un. Nínú gbogbo ibi tí mọ́tò lè kú sí láti Ayétòrò dé Mínà, nínú gbogbo igbó, gbogbo afárá, gbogbo ibi tí èèyàn ò ti mọ̀ mí, iwájú ilé màmá ẹ ló wá kú sí, ilé màmá ẹ sì wà ní ìsàlẹ̀ òpópó Jẹ̀mílátù! Kí ló dé tí màmá ẹ ò kọ́lé sí Ìlaròó? Mo ń bi ẹ́ ni!

Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ fún un láàárọ̀ ni? O gbọ́. Má purọ́. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo? Hẹn. Ó yẹ kí o ti gbọ́, ì bá ti yé ẹ ìdí tí mo fi ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn àga ẹ, tí mò ń ké "ó yá, ó yá, wà á!" bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. O rò pé mò ń kánjú àtirí ọmọ ọmọ mi ni? Mò ń sá ni! Sísá ni mò ń sá, o wá gbé mi padà sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí mò ń sá fún!

Fi súpánà yẹn sílẹ̀. Sún mọ́ ibí. Tí o bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí gbogbo táyà ẹ máa bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibí dé Jẹ́bà.

O mọ Lábísí. Lábísí tó máa ń ta àkàrà fún yín ní géètì ilé-ìwé. Ilé ẹ̀ ló dojú kọ ti Jẹ̀mílátù yẹn, èyí tó ní páànù tuntun. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí àwọn méjèèjì ò kí ara wọn. Ẹnu ọ̀nà kan ń wo ẹnu ọ̀nà kejì, ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí "ẹ káàárọ̀", kò sí "ẹ kú ọjà". Gbogbo ìlú ló mọ ìdí ẹ̀. Wọ́n ní Lábísí ló tú àṣírí Jẹ̀mílátù fún ìnísípẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi gbé e kúrò ní ilé-ìwé wa. Irọ́ ni. Lábísí ò tú nǹkan kan. Èmi ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, wò mí dáadáa. Èmi tí mo máa ń nà yín nítorí irọ́.

Nígbà yẹn, Jẹ̀mílátù máa ń lọ ọjà Ìlárá. Owó oṣù ò dé déédéé, ọkọ ẹ̀ ti lọ sí Kútọnu kò padà mọ́, ó sì ní ọmọbìnrin kan tó ń tọ́. Á ra àǹkárá lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òdìkejì bọ́dà sọdá wá, á tà á fún àwa tíṣà. Ọjọ́ ọjà tó bá bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a mú kíláàsì ẹ̀, èmi náà ni mo máa ń bá a fọwọ́ sí réjísítà. Àdéhùn wa nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí n ní ara ẹ̀ ò yá. Ìnísípẹ́kítọ̀ wá dé lọ́jọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró lọ́dọ̀ Lábísí, ó ra àkàrà, ó bá a ṣàwàdà díẹ̀, ó wá wọlé bá mi láàárín ọmọ ọgọ́rin. Ó ní, "Tíṣà kejì ńkọ́?" Mo ní ìdáhùn lẹ́nu! Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejìlá rí! Mo la ẹnu, mo ní, "Ọjà Ìlárá ló lọ, sà."

Má sọ ọ́! Má sọ pé Kristẹni ni mí, mi ò lè purọ́! Ohun tí mo fi ń tan ara mi láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejìlá tí mo ti purọ́ fún un ṣáájú ńkọ́, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́? Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn dé pé Jẹ̀mílátù ni wọ́n máa fi ṣe igbákejì ọ̀gá. Èmi ni mo ṣáájú ẹ̀ dé ilé-ìwé yẹn. Èmi ni mò ń bá a mú kíláàsì. Mo jẹ́ ẹrú, òun á wá jẹ ọ̀gá? Ìlara ni, Sàláúdéènì! Ìlara lásán, ìlara tó ga ju òpó iná yẹn lọ! Wọ́n gbé Jẹ̀mílátù lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, ibi tí ọ̀kadà gan-an máa ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ, wọ́n sì fi èmi ṣe igbákejì.

Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Ilé ta lo rò pé ó fi ọmọ ẹ̀ sí? Ilé mi! Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ jọ wà ní kíláàsì, o rántí ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Jẹ̀mílátù bá ti dé, tí eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á dì mọ́ mi, á ní, "Dinah, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe tí kì í bá ṣe ìwọ." Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀! Mo bọ́ ọmọ ẹ̀ ju ọmọ tèmi lọ. Ẹran tó yẹ kó jẹ́ ti Bánjí, Rẹ̀mílẹ́kún ni mo ń gbé e fún. Bánjí á máa sunkún, á ní, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Lábísí búra. Ó fi orí ọmọ ẹ̀ búra ní géètì, lójú gbogbo wa, pé òun ò sọ nǹkan kan fún ìnísípẹ́kítọ̀ ju iye àkàrà lọ. Èmi náà wà níbẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo mi orí. Mo mi orí bí ẹni tí kò gbà á gbọ́! Nígbà tí ọkọ Lábísí kú, Jẹ̀mílátù ò sọdá. Títì tí ewúrẹ́ ń sọdá, tí adìyẹ ń sọdá, Jẹ̀mílátù ti ìlẹ̀kùn ẹ̀, èmi sì lọ bá Lábísí jókòó, mo ń nu ojú fún un. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Kò kúkú tíì pé ogún. Ọdún kan ló kù!

Mo wá ní mi ò ní gbé e lọ sí Mínà. Mo ti ro ó sùn, mo ti ro ó jí. Ilé Jẹ̀mílátù ni mo fi ṣe àṣekẹ́yìn láàárọ̀, mo mu omi ẹ̀, mo fún un ní odó ata mi, èyí tí ìyá mi gbé wá láti Ìmẹ̀kọ nígbà tí wọ́n fẹ́ bàbá mi. Ó gbà á, ó gbé e mọ́ àyà. Ó sìn mí dé ẹnu mọ́tò, ó ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á ṣíwájú mi, á tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Kò tíì ṣe àmín tí mo fi ní, "Jẹ̀mílátù, kì í ṣe Lábísí. Èmi ni mo sọ fún ìnísípẹ́kítọ̀. Dárí jì mí." Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo lu àga ẹ. O wà á.

Mo wo díńgí. Ìyá mi ní kí n má wẹ̀yìn, mo wẹ̀yìn. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí fèrèsé ti wà. Mọ́tò ti lọ, ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ̀.

Ṣé o wá rí ohun tí o ṣe fún mi báyìí? Èmi ti ṣètò ẹ̀! Mo ní á gbọ́ ọ, á bínú, á bú mi fún ògiri, á fi oṣù mẹ́ta má pè mí, èmi á wà ní Mínà níbi tí ojú ò ti rójú, tó bá di ọdún Iléyá, mo lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, á tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jù ú sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ti wà nínú mọ́tò! Ìwọ wá gbé mi padà wá tẹ èèpo ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ!

Kí lo sọ?

Tún un sọ. Kí ojú má tì ẹ́, tún un sọ. O ní èmi náà ò dágbére?

Èmi! Mo dágbére fún ilé mẹ́tàlélógún! Mo ní ìwé tí mo kọ ọ́ sí! Mo dágbére fún ẹni tí mi ò kí rí! O ní kí ni? O ní mo ju òkò, mo sá. Hà! Hà, ayé ti bàjẹ́! Ọmọ tí kò lè kọ mẹ́fà! Ta ló kọ́ ẹ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Èmi ni mo kọ́ ẹ ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí o mọ̀, mi ò rántí pé mo kọ́ ẹ ní ìyẹn! Ìwọ tí ìyá ẹ fi fóònù fà létí ní ojú títì márosẹ̀, ìwọ ló ń wàásù fún mi? Ó dáa. Ó dáa, màmá ẹ ní ẹni tó lọ láì dúró gba èsì kò tíì dágbére. Èsì wo lo rò pé ó máa fún mi? Ogójì ọdún ni èmi àti Jẹ̀mílátù, láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, ibùsùn wa ló kọjú síra. Mo ti rí i kó bínú sí ẹlòmíràn, mi ò rí i kó bínú sí mi rí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ ni? Ẹ̀rù ń bà mí! Padà sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ, jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bátìrì yẹn rójú rere níbikíbi.

Dúró. Ìlẹ̀kùn ta ló dún yẹn?

Òun ni. Olúwa o, òun ni. Wá dúró síwájú mi, bò mí, o kúkú sanra. Má wò ó! Kí ló ń ṣe? Mo ní má wò ó, sọ fún mi ohun tó ń ṣe! Kí ló gbé mọ́ra yẹn? Odó mi ni. Ó gbé odó mi jáde! Ó ń gbé e bọ̀ wá dá padà fún mi. Ó parí. Ó tán nìyẹn, Sàláúdéènì, ẹni tó bá dá odó ìyá ẹni padà ò ní nǹkan kan bá ẹni ṣe mọ́ láyé. Ṣé ó ti rí wa? Kò wo ibí? Tí kò bá wo ibí, ibo ló wá dojú kọ?

Ó ń sọdá.

Ó ń sọdá títì, Sàláúdéènì. Wò ó. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kúrò lórí ọ̀dà. Ó ti tẹ ojúde Lábísí. Ó dúró. Kò lè kanlẹ̀kùn, odó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan án. Jẹ̀mílátù ń fi ẹsẹ̀ kan ìlẹ̀kùn Lábísí! Lábísí ti ṣí i. Wọ́n ń wo ara wọn. Ó ti wọlé.

Kí lo gbọ́? Etí tèmi ti di. Ariwo ni àbí ẹkún? Ẹkún ta? Ẹnì kan ni àbí ẹni méjì?

Kí lo tún ń dúró wò mí sí? Bọ́ sínú mọ́tò! Tàn án! Gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó jáde! Tí kò bá tan, a máa tì í, èmi fúnra mi á tì í, orúnkún tàbí kò sí orúnkún! Tún un ṣe! Má dákẹ́, tún un ṣe!

Wọ́n ti jáde.

Àwọn méjèèjì. Wò wọ́n. Lábísí ló wá gbé odó báyìí, Jẹ̀mílátù mú ọmọ odó dání, wọ́n kọjú síbí tààrà. Ojú wọn ò dára o. Ìyá mi o, ojú wọn ò dára rárá, Lábísí ò tilẹ̀ wé gèlè, ẹnu Jẹ̀mílátù ń lọ lọ́tùn-ún lósì, èmi ló ń bú, mo mọ ẹnu ẹ̀ tó bá ń búni. Wọn ò fi ibì kan jìnnà síra. Ọdún mọ́kàndínlógún, Sàláúdéènì, wò wọ́n, èjìká wọn ń kan ara wọn!

Ó ti dún? Mọ́tò yìí ti dún? Ìsinsìnyí ló wá rí i pé ó yẹ kóun dún? Láti aago mẹ́jọ! Ha! Ha ha! Mọ́tò ìṣekúṣe!

Gbé àpótí mi sí... rárá. Rárá, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Pa á. Ò ń gbọ́ mi àbí o ò gbọ́, mo ní kí o pa mọ́tò yẹn, Mínà ò ní sá lọ! Pe Bánjí, sọ fún un pé a ò tíì kúrò ní Ayétòrò, sọ òótọ́ fún un. Kí o sì sáré wọlé lọ bá màmá ẹ, kí wọ́n fún mi ní omi, ife mẹ́ta. Mi ò tíì dágbére.